Bí Oògùn HIV Ṣe Di Ọ̀fẹ́

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, kéde fún àwọn oníròyìn pé àrùn éèdì ló pa Fẹlá àbúrò òun. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sọ pé irọ́ ni éèdì. Oògùn tó ń ká HIV, kòkòrò tó ń fa éèdì, lọ́wọ́ ti wà lókè òkun nígbà náà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ fún aláìsàn kan lọ́dún kan lé ní dọ́là 10,000.

Íńdíà ni ìtura ti wá. Ní oṣù Kejì ọdún 2001, Yusuf Hamied, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Cipla, ní òun yóò ta á fún MSF, àjọ àwọn dókítà tó ń tọ́jú aláìní, ní dọ́là 350 lọ́dún. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Àbújá, Ààrẹ Ọbásanjọ́ gbà wọ́n lálejò, Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sì bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ fún àpò owó tó padà di Global Fund. Wọ́n tún ṣèlérí pé ìdá 15 nínú 100 owó ìsúná yóò máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà kò tíì mú ìyẹn ṣẹ rí títí dòní, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ìjọba ra oògùn Íńdíà, wọ́n ní àwọn yóò fi àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000 bẹ̀rẹ̀.

Náírà 1,000 ni aláìsàn ń san lóṣù. Owó táṣẹ́rẹ́ ni lójú ẹni tó gbé e kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀, owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà kò ju náírà 7,500 lọ. Kí ni ẹni tó ń ta gààrí ní Nyanya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá, yóò ṣe, tó tún ní láti wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀, tó tún ń sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀? Àwọn kan ń fo ọjọ́. Tọkọtaya ń pín oògùn ẹnì kan lò. Oògùn tí à ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́ ni, tí a bá sì ń dá a dúró, kòkòrò náà á borí rẹ̀, oògùn ọ̀hún kò sì ní ràn mọ́. Nígbà tó tún di ọdún 2003, oògùn tán láwọn ilé ìwòsàn kan.

Àwọn tó ní kòkòrò náà lára kò dákẹ́, wọ́n ní kí oògùn di ọ̀fẹ́. MSF ti ń tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti ọdún 2004, owó Global Fund àti ti PEPFAR, ètò ìrànwọ́ Amẹ́ríkà lórí HIV, sì ti ń wọlé. Ní ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ fagi lé náírà 1,000 náà.

Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu náírà bílíọ̀nù 4.8 láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láti ra oògùn HIV.