Ẹ Fi Àga Kan Sílẹ̀ fún Ọmọbìnrin Abúlé Ẹ̀gbá

Àwọn àgbà ní yinni yinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Nítorí náà ni inú wa fi máa ń dùn nígbàkúùgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ẹ̀kọ́ obìnrin kan bá pé jọ síbi àsè alẹ́, tí wọ́n sì fi àmì-ẹ̀yẹ dá àwọn tí ó ṣe àṣeyọrí láàárín wọn lọ́lá. Àwọn kan a máa sọ pé ìnáwó lásán ni, pé aṣọ àti oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá tí ó bá rí i tí a pe ọmọbìnrin ẹlòmíràn síwájú gẹ́gẹ́ bí dókítà tàbí adájọ́, yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yọ ti tirẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a ní láti sọ, kí adùn irú àsè bẹ́ẹ̀ má baà parí sínú àwo.

Ẹ jẹ́ kí a fi Queen's College ti Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1909 ni ìjọba ti dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin. Ọdún méjìdínlógún gbáko ni àwọn ọmọbìnrin fi dúró kí tiwọn tó dé, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1927. Kì í sì í ṣe pé àánú wọn kàn ṣàdéédé ṣe ìjọba. Àwọn obìnrin Èkó ni wọ́n bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n sì dá owó jọ, Oyínkán Àbáyọ̀mí sì wà lára àwọn tí ó ṣíwájú. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí, òun nìkan ni ọmọ Nàìjíríà láàárín àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Ẹ wo èso rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì ti kọjá lọ sí Dublin, tí ó gboyè ní 1938, tí ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ náà ni Grace Alele-Williams, ọmọ tí a bí ní Wàrí, ti jáde. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1963, nígbà tí ó sì di 1985, ó di gíwá Yunifásítì Bìní, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ọpọlọ wọn pé, wọn kò sì ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ni ó ti sáré, tí wọ́n ti dáwó, kí àga tí wọ́n jókòó lé nínú kíláàsì tó wà.

Èyí ni ó mú wa dé Abúlé Ẹ̀gbá. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni agbègbè Ìkẹjà àti Àgègè wà títí di 1967. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọmọ àgbẹ̀ ìhà ibí yìí jẹ àǹfààní rẹ̀ ṣáájú ọmọ àárín ìlú Èkó. Láti 1979, Alhaji Lateef Jákàńdè mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà dé ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ni, kò ra bàtà, kò san owó ọkọ̀. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá afárá Abúlé Ẹ̀gbá lọ́sàn-án yóò rí ọmọbìnrin tí ń ti ilé-ìwé bọ̀, yóò sì rí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ru omi inú ọ̀rá, tí ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Ta ni ó lè búra pé ọpọlọ èkejì kéré?

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àtijọ́, ìmọ̀ràn wa rèé. Iye àmì-ẹ̀yẹ tí ẹ bá fi fúnni lálẹ́ ọjọ́ náà, iye ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ gbà tọ́ títí wọn yóò fi jáde ìwé mẹ́wàá. Ẹ pè wọ́n wá síbi àsè, kí wọ́n jókòó ti dókítà àti adájọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ ọmọ tí orí rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí kì í wá ní ọjọ́ ọjà. Ẹ tọ́ka rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹ tó gbé olùdíje kan lárugẹ, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní àdúgbò yín.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹun, ẹ jó, ẹ yin ara yín. Ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ fi àga kan sílẹ̀.