Píjò 504 Wágọ̀n: Ẹ Wo Sílíìfù Kẹ́ Ẹ Tó Wá Eré

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Emùré kọ̀wé pé òun rí Píjò 504 wágọ̀n kan tí wọ́n pa tì sẹ́yìn gáréèjì, òun sì fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ tí yóò máa fi agbára gun òkè. Mẹkáníìkì rẹ̀ ní kó yọ ẹ́ńjìnnì dànù, kó gbé ti Toyota sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó wá sàlúùnù rà.

Wágọ̀n ni kó rà. Sàlúùnù lojú gbogbo ènìyàn wà, bẹ́ẹ̀ wágọ̀n ló gùn, tó sì dúró dáadáa. Láti táyà iwájú sí tẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.90, ti sàlúùnù jẹ́ 2.74. Sípíríǹgì mẹ́rin ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó fi í kó èrò láti Adó gba Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ láyé ọjọ́sí mọ ohun tó lè gbé. Lọ́dún 1975 tí iléeṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò ní Kàdúná, lọ́dún náà ni 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, lórí ọ̀nà tó burú ju tiwa lọ.

Kó má gbé Toyota sí i o. Ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn 504 wà nínú páìpù líle kan tó so gíá mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Gíá ọkọ̀ mìíràn kò bá a mu. Wélídà ni yóò gé e, ibi tó bá sì jó ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ lórí eré.

Ẹ́ńjìnnì Píjò tó jẹ́ sísí 1971 ni kó wá, kì í ṣe ti 1796. Nínú méjèèjì, mìlímítà 81 ni písítìnnì ń rìn lókè-sódò. Fífẹ̀ ihò ló yàtọ̀: 88 sí 84.

Ihò yìí gan-an ni àwọn ènìyàn kò lóye. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ara búlọ́ọ̀kù ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Bó bá jẹ, ẹlẹ́rọ á tún un gbẹ́ kó fẹ̀ sí i. Ti 504 kò rí bẹ́ẹ̀. Sílíìfù mẹ́rin ni wọ́n tì bọ inú búlọ́ọ̀kù bí ife nínú agolo, omi rédíétọ̀ sì ń fara kàn wọ́n yíká. Bí wọ́n bá jẹ, ẹ yọ wọ́n, kẹ́ ẹ fi tuntun sí i pẹ̀lú písítìnnì wọn. Nísàlẹ̀, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń dí omi kó má bàa já sínú ọ́ìlì. Lókè, sílíìfù gbọ́dọ̀ yọrí díẹ̀ ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ, díẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Bí a bá de hẹ́ẹ̀dì, ìyọrí yẹn ló ń tẹ gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kó lè di iná àti omi mú. Bí sílíìfù kan bá rẹlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ibẹ̀ ni iná yóò gbà jáde.

Ibí ni inú ti ń bí mi. Gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, ọ̀gá á ní hẹ́ẹ̀dì ló tẹ̀, kẹ́ ẹ mú owó fífá wá. Oṣù díẹ̀, ó tún jó, wọ́n tún fá a. Kò sẹ́ni tó wọn sílíìfù rárá. Hẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sì fá jù ń mú kí afẹ́fẹ́ àti epo fún pọ̀ ju bó ṣe yẹ, epo á máa gbaná ṣáájú àkókò. Kọ́-kọ́-kọ́ tẹ́ ẹ ń gbọ́ lórí òkè nìyẹn. Àwọn kan ń pè é ní agbára, písítìnnì ló ń fọ́ lọ.

Tí wọ́n bá ti ṣí hẹ́ẹ̀dì, ẹ má jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ kankan yí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé wọ́n fi irin de sílíìfù mọ́lẹ̀. Písítìnnì á gbé wọn sókè, òrùka ìsàlẹ̀ á yẹ̀, omi á bọ́ sínú ọ́ìlì. Ẹ má sì da omi odò sí rédíétọ̀. Irin ni búlọ́ọ̀kù yẹn, yóò dípẹtà.

Kí arákùnrin yìí tó sanwó, kó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ wò, kó ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bí ọ́ìlì bá funfun, tàbí ọ́ìlì léfòó lórí omi, kó yọ iye owó sílíìfù mẹ́rin kúrò nínú ohun tí wọ́n pè é. Bí ọlọ́kọ̀ bá ní kó má ṣí i, kó máa lọ.