Òkúta Kan Náà, Àwòrán Mìíràn: Àmì Ẹ̀sìn Kristẹni àti ti Gnostic nínú Fíìmù The Matrix

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ọdún 1999, nígbà tí ọdún Àjíǹde ku ọjọ́ mẹ́rin, ni The Matrix, fíìmù ajẹmọ́-sáyẹ́ǹsì tí Lana àti Lilly Wachowski darí, jáde ní Amẹ́ríkà. Nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Thomas Anderson, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Neo, rí i pé ayé tí òun ń gbé kì í ṣe ayé rárá. Àlá tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà hun ni. Inú agbada olómi ni ara àwọn ènìyàn wà, tí àwọn ẹ̀rọ ń fa agbára lára wọn bí ẹni ń fún wàrà màlúù.

Kò sí ẹni tí ó mọ Bíbélì tí kò ní dá àwọn orúkọ inú fíìmù yìí mọ̀. Mẹ́talọ́kan ni ìtumọ̀ Trinity. Síónì ni ìlú àwọn tí ó ti bọ́. Tọ́másì ni àpọ́sítélì oníyèméjì. Nebukadinésárì, ọba tí àlá dà láàmú, ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ wọn. Mark III No. 11 ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ṣí Máàkù 3:11 yóò bá àwọn ẹ̀mí àìmọ́ níbẹ̀ tí wọ́n ń wólẹ̀ níwájú Jésù, tí wọ́n ń jẹ́wọ́ pé Ọmọ Ọlọ́run ni. Neo kú, ó sì jí. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi yára sọ pé ìtàn Jésù ni.

Ìdájọ́ náà yá jù. Ní nǹkan bí ọdún 180, Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyon, kọ̀wé tako àwọn Gnostic. Ó fi wọ́n wé ẹni tí ó tú àwòrán ọba tí oníṣẹ́-ọnà fi òkúta iyebíye tò, tí ó tún òkúta kan náà tò di ajá tàbí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tí ó sì ń sọ fún àwọn tí kò rí ọba rí pé ọba nìyí. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè nípa The Matrix, nígbà náà, ni àwòrán tí àwọn òkúta rẹ̀ jọ ṣe.

Àwọn ìwé tí wọ́n hú jáde nítòsí Nag Hammadi ní Íjíbítì ní ọdún 1945 mú kí ohùn àwọn Gnostic fúnra wọn di gbígbọ́. Nínú ọ̀kan lára wọn, Ìwé Ìkọ̀kọ̀ ti Jòhánù, kì í ṣe Ọlọ́run gíga jùlọ ni ó dá ayé. Yaldabaoth ni, aláìmọ̀kan tí ń yangàn pé kò sí ọlọ́run mìíràn lẹ́yìn òun. Àwọn alákòóso abẹ́ rẹ̀ ń ṣọ́ ènìyàn kí ó má baà rántí orísun rẹ̀. Smith àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn, àwọn tí wọ́n lè gbé ara ẹnikẹ́ni tí ó ṣì ń sùn wọ̀. Lójú àwọn Gnostic, àìmọ̀ ni ó de ènìyàn; ìmọ̀ ni ó ń tú u sílẹ̀. Bákan náà, kò sí ẹni tí ó béèrè ìrònúpìwàdà lọ́wọ́ Neo. Oògùn pupa ni Morpheus fún un, ojú rẹ̀ sì là. Cypher pàápàá kò dà wọ́n nítorí ọgbọ̀n owó fàdákà nìkan: ọrọ̀ wà nínú ohun tí ó béèrè, ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé òun kò fẹ́ rántí ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ. Nínú Ìhìnrere Lúùkù, àìmọ̀ àwọn tí ó kan Jésù mọ́ àgbélébùú ni ó fi bẹ̀bẹ̀ fún wọn. Nínú The Matrix, Morpheus kìlọ̀ pé ọ̀tá ni ẹni tí kò tíì jí lè jẹ́. Láìpẹ́, Neo àti Trinity wọ inú ilé ńlá kan, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ènìyàn ẹlẹ́ran-ara tí ń sùn bí Neo ti sùn lánàá. Fíìmù náà kò dárò ẹnì kan lára wọn. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì ní ohun gbogbo tí Ọlọ́run dá dára. Bí ayé bá wá di túbú, ó rọrùn kí ẹ̀mí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ má jọ ẹnikẹ́ni lójú.

Síbẹ̀, òkúta méjì kò gbà láti jókòó sínú àwòrán tuntun náà. Èkíní ni ara. Ọ̀pọ̀ ìwé Gnostic kò ka ẹran-ara sí, ṣùgbọ́n inú ara ni Neo jí sí: ara tí ó rù, tí ojú ń dùn, tí ń jẹ ọ̀gì tí kò ládùn. Irenaeus, tí ó gbèjà àjíǹde ara, ìbá dúró wo ìyẹn. Èkejì ni ikú Neo. Gbogbo ìmọ̀ tí ó ti kọ́ kò jí i dìde. Trinity ni ó tẹ̀ lé òkú rẹ̀ lórí, tí ó sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀, tí ó sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu; ọkàn rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí lù.