Ìwọ̀n àti Ètò nínú Pípààrọ̀ Fọ́ọ̀kì Iwájú Alùpùpù Ọ̀nà Gbágungbàgun

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni pípààrọ̀ fọ́ọ̀kì iwájú alùpùpù tí a ń gùn ní ọ̀nà gbágungbàgun. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé bí fọ́ọ̀kì bá ti wọlé, tí nọ́ọ̀tì sì le, iṣẹ́ parí. A kò fara mọ́ èrò yìí. Fọ́ọ̀kì lè wọlé, kí ó sì le dáadáa, síbẹ̀ kí ó má ṣiṣẹ́, nítorí pé ètò tí a fi dì í kò tọ́. Ẹni tí ó bá gùn ún sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè olókùúta ni yóò jìyà rẹ̀.

Suzuki DR650SE, tí ó jáde ní 1996, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn kan tí ó ní in máa ń fi fọ́ọ̀kì DR-Z400S, tí ó jáde ní 2000, rọ́pò tirẹ̀, nítorí pé tirẹ̀ rọ̀ jù fún òkúta àti kòtò. Mìlímítà 43 ni ìbú ọ̀pá ti àkọ́kọ́. 49 ni ti èkejì. Irin méjì ni ó di ọ̀pá wọ̀nyí mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìdìmú ni a ó máa pè wọ́n. Bí ẹnì kan bá ní kí a gbẹ́ ihò ìdìmú àtijọ́ kí ó fẹ̀, kí a má gbà: irin tí yóò ṣẹ́kù yóò fẹ́lẹ́, ibẹ̀ sì ni agbára bíréèkì ń gbà kọjá. Ìdìmú ni kí ó bá fọ́ọ̀kì rẹ̀ wá. Kí a sì wọn ọ̀pá tí ó gba inú ọrùn alùpùpù kọjá, àti bẹ́rìn rẹ̀ nínú àti lóde, kí a tó náwó.

Bí fọ́ọ̀kì tuntun bá gùn ju ti àtijọ́, iwájú yóò ga, ọrùn yóò dẹ̀ sẹ́yìn, alùpùpù yóò sì lọ́ra láti yà. Títi ọ̀pá sókè nínú ìdìmú ń dín èyí kù. Ṣùgbọ́n bí a bá tì í jù, táyà lè gbá ohun tí ó wà lókè rẹ̀. Kí a yọ sípíríngì, kí a gbé táyà sókè títí fọ́ọ̀kì yóò fi wọlé tán, kí a yí ọwọ́ alùpùpù sọ́tùn-ún àti sósì, kí a sì wò ó bóyá ó kan táńkì tàbí ó fa okùn bíréèkì.

Dídì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ìdìmú ìsàlẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ dì; ti òkè kò gbọdọ̀ le títí nọ́ọ̀tì ọ̀pá ọrùn yóò fi le, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́rìn kò ní jókòó dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni irin àárín táyà. A ó dì í mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì kan, a ó sì fi bóòtì ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀. A ó wá tẹ bíréèkì iwájú, kí a sì rọ alùpùpù wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìgbà yìí ni ẹsẹ̀ kejì ń rí ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí lára irin náà. Ẹni tí ó bá ń kánjú ni kì í ṣe èyí, ó sì kéré púpọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dì í ṣáájú, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò tẹ̀ síra wọn, wọn yóò máa há nígbà tí ó yẹ kí wọ́n yọ̀.

Bí a bá rọ̀ ọ́ wálẹ̀ tí kò tètè gòkè padà, kí a tú bóòtì ẹsẹ̀ kejì, kí a sì tún un ṣe láti ibẹ̀.