Oúnjẹ Ẹfọ̀n Odò àti Ìtújáde Náítírójìn

Bí a bá fẹ́ kọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní èdè Yorùbá, orúkọ ni à á kọ́kọ́ yanjú. Ẹfọ̀n tí àwọn ọdẹ mọ̀ nínú ọ̀dàn jẹ́ ẹran ìgbẹ́ tí a kò sọ di ẹran ọ̀sìn rí. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bubalus bubalis yàtọ̀ sí i: Éṣíà ni a ti kọ́kọ́ sìn ín, inú omi àti ẹrẹ̀ ni ó sì máa ń wọ̀ bí oòrùn bá mú. Ìdí nìyí tí orúkọ náà, ẹfọ̀n odò, fi bá a mu.

Ní Campania, ní gúúsù ilẹ̀ Ítálì, wàrà ẹfọ̀n odò ni a fi ń ṣe wàràkàṣì mozzarella, tí òfin Yúróòpù ti dáàbò bo orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1996. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn ti wà láti ọdún 1991: ní ibi tí náítíréètì ti lè tètè ba omi jẹ́, náítírójìn tí a ń ti inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran ọ̀sìn dà sórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 170 lọ lọ́dún. Àgbẹ̀ tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù níláti wá ilẹ̀ kún ilẹ̀, tàbí kí ó kó ajílẹ̀ náà lọ sí ibòmíràn, tàbí kí ó dín agbo ẹran rẹ̀ kù. Ọ̀nà kẹrin wà nínú oúnjẹ ẹran náà.

Ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ ni ẹfọ̀n odò. Inú ṣàkì rẹ̀ ni àwọn kòkòrò tíńtìntín ti ń tú purotéènì oúnjẹ sí amóníà, tí wọ́n sì ń fi amóníà náà kọ́ ara tiwọn, bí agbára tí wọ́n ń rí nínú oúnjẹ bí àgbàdo bá tó. Bí wọ́n bá ṣàn wọ inú ìfun, àwọn pàápàá á di purotéènì fún ẹran náà. Amóníà tí wọn kò lè lò á gba ara ṣàkì wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì sọ ọ́ di yúríà. Díẹ̀ nínú yúríà yìí á bá itọ́ ẹnu padà sínú ṣàkì. Púpọ̀ nínú ìyókù ni kíndìnrín ń sẹ́ sínú ìtọ̀.

Ìṣirò kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Ká ní ẹfọ̀n odò kan ń jẹ kìlógíráàmù 16 oúnjẹ lóòjọ́, láìka omi inú rẹ̀, tí ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ purotéènì. Purotéènì náà jẹ́ kìlógíráàmù 2.4, bí a bá fi 6.25 pín in, náítírójìn inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 384. Bí ẹran náà bá fúnni ní kìlógíráàmù 8 wàrà, tí ìdá 4.5 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ purotéènì, nǹkan bí gíráàmù 56 náítírójìn ni yóò bá wàrà jáde. Bí ẹran náà kò bá sanra tí kò sì rù, gíráàmù 328 yòókù di ti ìgbẹ́ àti ìtọ̀. Bí a bá dín purotéènì kù sí ìdá 12.5, tí wàrà kò sì dín, 328 yóò di 264. Lórí ọgọ́rùn-ún ẹran, ìyàtọ̀ náà jẹ́ kìlógíráàmù 6.4 lójúmọ́.

Inú ìtọ̀ ni púpọ̀ nínú àdínkù yìí ti ń hàn. Náítírójìn inú ìgbẹ́ kì í tètè yí padà, ṣùgbọ́n bí yúríà inú ìtọ̀ bá kan ìgbẹ́, kíá ni í di amóníà tí ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Èyí tí ó bá wọlẹ̀ lè di náítíréètì, kí òjò sì wẹ̀ ẹ́ lọ sínú omi kànga. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí náítíréètì inú lítà omi mímu kan ju mílígíráàmù 50 lọ, nítorí pé ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ má lè gbé ọ́síjìn bí ó ti yẹ.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí purotéènì bá kéré jù, ebi á pa àwọn kòkòrò inú ṣàkì, koríko kò ní dà dáadáa, wàrà á sì dín. Nítorí náà ni a ṣe ń wọn yúríà inú wàrà: bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá ti ń lọ sókè tàbí sílẹ̀ ni ti inú wàrà ń ṣe.

Láti inú àlàyé yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀: ìtújáde náítírójìn fún gbogbo èyí tí ara ẹran ń lé dànù, náítírójìn ìgbẹ́, àti náítírójìn ìtọ̀. Ẹni tí ó bá da méjì tó kẹ́yìn pọ̀ kò ní mọ èyí tí oúnjẹ lè tètè dín kù.