Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Àlàyé lórí Yíyan Páìpù Èéfín fún Ọkọ̀ Ògbólógbòó

Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni páìpù èéfín gbàǹgbà tí àwọn onímọ́tò kan fi ń rọ́pò èyí tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ kò sì ju lítà 2 lọ.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí páìpù bá ṣe fẹ̀ tó ni agbára ọkọ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èéfín tí ó ń sáré jáde a máa fa èyí tí ó kù nínú sìlíńdà tẹ̀lé ara rẹ̀. Bí ìbú páìpù bá kúrò ní ínǹṣì 2 sí 2.5, ààyè inú rẹ̀ yóò fi ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Èéfín yóò wá máa rọra rìn, ọkọ̀ yóò sì máa mí hẹlẹ bí ó bá ń gun òkè.

Ní ti dídè é, jórinjórin gbọ́dọ̀ fi rọ́bà gbé e kọ́, kí ó jìnnà sí páìpù epo àti ti bíréèkì, kí ẹnu rẹ̀ sì yọ kọjá ẹ̀yìn ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide tí ó wà nínú èéfín kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pani. Bí ojú ìjórin bá ń jò lábẹ́ ọkọ̀ tí ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó jókòó sínú ọkọ̀ ni yóò gbà wọlé.

Ní ìgúnlẹ̀, páìpù tí ó bá ẹ́ńjìnnì mu, tí kò sì jò, sàn ju èyí tí ó ń bú ramúramù lọ.