Ọmọ wa ti gba master nínú Relations Internationales: ibo wá ni iṣẹ́ wà?



Ní Adidogomé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ń lọ sí Kpalimé, yàrá kéékèèké tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà pọ̀ gan-an. Àwọn ọmọ ilé wa wà níbẹ̀: ti Atakpamé, ti Kambolé, títí kan ti Savè àti Kétou tí wọ́n sọdá láti Bẹ̀nẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á gun zém lọ sí Yunifásítì Lomé. Lálẹ́, fóònù á dún láti abúlé. Bàbá á ní: "Ìwé ti tán, àbí? Iṣẹ́ wá dà?" Ọmọ á ní: "Bàbá, ẹ ní sùúrù, mò ń wá a." Bàbá ò mọ ohun tí ọmọ kọ́ gan-an, ọmọ náà ò sì mọ bí òun á ṣe ṣàlàyé rẹ̀.

A ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí. Èyí tó dùn wá jù ni ti ìyá kan tó ta ewúrẹ́ rẹ̀ kó lè san "owó dossier" fún ẹnì kan tó ní òun á fi ọmọ rẹ̀ sí ONU. Ewúrẹ́ lọ, owó lọ, iṣẹ́ ò sí. Ìdí nìyí tí a fi ní ká la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa ní èdè wa.

Kí ni ẹ̀kọ́ yìí?

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Faransé yẹn dẹ́rù bà yín. Relations internationales ni ẹ̀kọ́ nípa bí orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn lò: òwò, ibodè, àdéhùn, ogun àti àlàáfíà. Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Àwọn èèyàn wa ní Kétou àti Ìlárà mọ ohun tí ojú wọn rí. Ìrẹsì dúró, tòmátì jẹrà, ẹni tó fẹ́ lọ bá ìbátan rẹ̀ ní òdìkejì ń bẹ ẹ̀ṣọ́ ibodè. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO ti fọwọ́ sí àdéhùn ní Dakar láti ọdún 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láì gba visa. Ta ló kọ àdéhùn yẹn? Ta ló ń ṣọ́ ọ bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e? Ta ló ń jókòó bá ìjọba sọ̀rọ̀ nígbà tí wọn ò bá tẹ̀ lé e? Iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ìwé yìí nìyẹn.

Nítorí náà, ọmọ tó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ibodè ti mọ nǹkan kan tí ọmọ ìlú ńlá kò mọ̀. Tó bá ń wá ohun tó máa fi kọ mémoire rẹ̀, kó má lọ wá a sí Bosnia. Kó wo ọjà abúlé rẹ̀.

Lomé kì í ṣe ìlú lásán nínú ọ̀rọ̀ yìí

Àwọn àgbà ní a kì í gbé inú odò kí ọṣẹ máa ta síni lójú. Ẹ wo ohun tó wà ní Lomé. Ibẹ̀ ni olú-ilé BOAD wà, báńkì ìdàgbàsókè tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973 fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná CFA ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ ni BIDC tí í ṣe báńkì CEDEAO wà, ibẹ̀ ni olú-ilé Ecobank àti ti ọkọ̀ òfurufú ASKY wà. Láti ọdún 1986 ni ONU ti ní ilé iṣẹ́ kan ní Lomé tó ń rí sí àlàáfíà àti dídín ohun ìjà kù ní gbogbo Áfíríkà, UNREC ni wọ́n ń pè é.

Ìtàn náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 46 láti Áfíríkà, Caribbean àti Pacific bá àwọn ará Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn òwò tí gbogbo ayé mọ̀ sí Convention de Lomé. Ní oṣù keje ọdún 1999, ibẹ̀ ni àwọn tó ń jà ní Sierra Leone ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù keje ọdún 2000, Lomé náà ni àwọn olórí Áfíríkà ti gba ìwé tó dá Union africaine sílẹ̀. Ọmọ Togo kan, Edem Kodjo, ti ṣe akọ̀wé àgbà OUA láti 1978 sí 1983.

Àpẹẹrẹ ti òde òní ni Gilbert Houngbo. Ìgbèríko Togo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó kàwé ní yunifásítì Lomé kó tó lọ sí Kánádà, ó ṣe olórí ìjọba Togo láti 2008 sí 2012, àti láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 ló ti di olùdarí àgbà OIT, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo la fẹ́ fà yọ? Houngbo kò kọ́ relations internationales. Ìṣirò owó àti bí wọ́n ṣe ń darí ilé iṣẹ́ ló kọ́. Àwọn àjọ ńlá yìí ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ kan ní ọwọ́: ìṣirò, òfin, ìtumọ̀ èdè, ìtọ́jú data, ìlera, àgbẹ̀. Ọmọ tó ní master yìí nìkan, tí kò fi nǹkan mìíràn kún un, á pẹ́ lójú ọ̀nà.

Àwọn ilẹ̀kùn tó wà, àti ọjọ́ orí wọn

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ ká ka díẹ̀ nínú wọn.

*Iṣẹ́ ìjọba.* Ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè máa ń gba èèyàn nípasẹ̀ ìdánwò ìjọba, èyí tí a ń pè ní concours. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ gba ENA kọjá, concours ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀ náà. Kì í ṣe ọdọọdún ni ààyè máa ń wà, torí náà ẹni tó ti múra sílẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

*Volontaire.* Ẹ má gbọ́ "volontaire" kẹ́ ẹ rò pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n máa ń fún wọn ní owó oúnjẹ àti ilé lóṣooṣù. Ti ONU, tí wọ́n ń pè ní VNU, ní ipò fún ọ̀dọ́ láti ọdún 18 sí 26, ó sì ní ti àwọn tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Union africaine ń gba láti 18 sí 35, oṣù 12 ni. Ti Francophonie ń gba láti 21 sí 34, oṣù 12 lòun náà. Ní Togo níbí, ANVT ń fi ọ̀dọ́ sí ẹnu iṣẹ́ lábẹ́ volontariat ti orílẹ̀-èdè. Ibí ni a máa ń gba àwọn ọmọ wa nímọ̀ràn pé kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ibi gbogbo ló ń béèrè "expérience".

*Stage.* Ọmọ tó ṣì wà lẹ́nu master, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí láàárín ọdún kan, lè ṣe stage ní ONU fún oṣù méjì sí mẹ́fà. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: Sekitéríà ONU kì í sanwó fún stage. OIT àtàwọn àjọ mìíràn máa ń fúnni ní díẹ̀. Tí ọmọ bá ní òun ń lọ sí stage ní Geneva, ẹ bi í: ta ló máa san owó ilé?

*Concours àwọn ọ̀dọ́.* ONU ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní YPP. Ẹni tó fẹ́ ṣe é kò gbọdọ̀ ju ọdún 32 lọ ní ìparí ọdún ìdánwò, orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n pè lọ́dún náà. Àkójọ yẹn máa ń yí padà, torí náà kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà tó wà ní Abidjan náà ní ti tirẹ̀ fún àwọn tó ní master, ọdún 32 náà ni òpin.

Ìpàdé: kì í ṣe ibi ìjẹun

Àwọn ọmọ á ní àwọn ń lọ sí "conférence". Àwọn òbí kan rò pé eré ni. Kì í ṣe eré, tí ọmọ bá mọ ohun tó ń wá. Lọ́dún 2016, Lomé gba ìpàdé Union africaine lórí ààbò òkun. Lọ́dún 2023, wọ́n ṣe ìpàdé lórí àlàáfíà àti ààbò níbẹ̀. Ìpàdé ńlá báyìí ń fẹ́ ẹni tó máa gba àlejò, tó máa túmọ̀, tó máa kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọjọ́ kan wà tí a ti mọ̀ lọ́dọọdún: 20 oṣù kẹta fún Francophonie, 25 oṣù karùn-ún fún Áfíríkà, 28 oṣù karùn-ún fún CEDEAO, 24 oṣù kẹwàá fún ONU. Káàkiri àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni àpérò sábà máa ń pọ̀.

Kí ọmọ dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù. Kó béèrè ìbéèrè kan tó mọ́gbọ́n dání. Kó kí ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kó gba àdírẹ́sì rẹ̀, kó sì kọ lẹ́tà kúkúrú sí i lọ́la. Fọ́tò lásán kì í gbani síṣẹ́.

Ohun tí ẹ̀yin ará abúlé lè ṣe

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kàn yín jù. Ìwé ìbí. Ẹ wò ó: lórí acte de naissance, wọ́n kọ ọ́ ní Olouwafèmi. Lórí BEPC, ó di Oluwafemi. Lórí BAC, ó di Olouafémi. Ẹni kan náà ni lójú wa, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń yẹ ìwé wò, ẹni mẹ́ta ni. Àwọn mìíràn, "né vers" ni wọ́n kọ fún wọn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà ní òpin ọjọ́ orí. Títún un ṣe gba lílọ sí ilé ẹjọ́, ó sì ń pẹ́. Tí ọmọ yín bá ṣì wà ní collège, ẹ lọ wo ìwé rẹ̀ lónìí. Ẹ má dúró títí tó fi gba master.

Ìkejì, èdè. Faransé nìkan kò tó. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni ONU fi ń ṣiṣẹ́. CEDEAO fi Pọtogí kún un. Ibodè Ghana ò jìnnà sí Adidogomé, ẹ sì ní ìbátan ní Ìbàdàn àti Èkó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ lo ìsinmi níbẹ̀, kó sọ Gẹ̀ẹ́sì kó le. Ẹ má sì jẹ́ kó gbàgbé Yorùbá: ẹni tó lè bá ìyá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ ní ibodè mẹ́ta wúlò fún àjọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ láàárín wa.

Ìkẹta, ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni. ONU kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́: wọn kì í gba owó dossier, wọn kì í gba owó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọn kì í gba owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ìwé sí i, ní careers.un.org, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù kí dossier lè "tètè kọjá", olè ni, bó tilẹ̀ wọ kóótù.

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lálẹ́ òní, tí fóònù bá dún, ẹ má bi ọmọ pé "Iṣẹ́ dà?" nìkan. Ẹ bi í pé: ilẹ̀kùn wo lo ti kàn? Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ti í? Ìwé wo ló kù tí a lè bá ọ wá nílé? Ìyẹn á ràn án lọ́wọ́ ju ewúrẹ́ títà lọ.